Ẹyín Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n

Ìnfátà ń kùn lábẹ́ tábìlì bí ológbò tó yó.
Ọyẹ́ ti wọ Òmù-Àrán, ó ti fi eruku
kọ nǹkan tí n kò lè kà sára fèrèsé mi.
Mo so kíbọ́ọ̀dù mọ́ kọ̀ǹpútà,
mo yan dùùrù kan tí wọ́n kàn ní Fiẹ́nà
nígbà tí baba ńlá mi ṣì ń kọ ebè lóko Àrándùn.

Igi rẹ̀ ti jẹrà. Wáyà rẹ̀ ti dípẹtà.
Àwọn oníṣirò ló jókòó tì í,
wọ́n wọn awọ orí òòlù rẹ̀,
wọ́n ka bí ohùn rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó kú,
wọ́n sì fi nọ́ńbà jí i dìde.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dáhùn
bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì,
tín-ín-rín, ó gbẹ, ó mọ́,
kò sanra bí dùùrù ayé òde òní.

Àfi ìgbà tí mo gòkè kọjá Éfù tó kẹ́yìn
tí ìka mi bọ́ sínú òfo.
Mo tẹ̀ ẹ́, kò sí. Mo tún un tẹ̀, kò sí.
Ẹyín funfun ń rẹ́rìn-ín sí mi,
ahọ́n ni kò sí lẹ́yìn rẹ̀.
Mo kà á: mẹ́jọ yadi nísàlẹ̀,
mọ́kàndínlógún yadi lókè.
Ẹni tó kàn án kò ṣẹ̀ mí;
ibi tí apá rẹ̀ ká mọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n orin tí mo kọ fún ìrántí Màmá Tinúadé
ti gun àkàsọ̀ kọjá ibẹ̀ ní ìlà kẹta.

Bọ́tìnì kan wà. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́,
ẹ̀rọ á fojú díwọ̀n,
á dá ohùn tí dùùrù náà kò ní rí láyé.
Ọwọ́ mi dúró lórí rẹ̀.
Mo rántí ọjọ́ tí a kó àwọn ọmọ iléèwé lọ sí Ẹsìẹ́,
tí àwọn ère òkúta jókòó lẹ́sẹẹsẹ,
òmíràn kò lápá, òmíràn kò nímú,
tí Àyọ̀kúnnú, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bi olùṣọ́ pé,
"Ṣé sìmẹ́ńtì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ni?"
Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi jábọ́.
Kò dá a lóhùn.

Ogójì ọdún ni Màmá fi kọ ohùn òkè.
Ọdún tí ọ̀fun rẹ̀ ò gòkè mọ́,
kò kúrò ní ìlà iwájú.
Bí orin bá ń lọ sí góńgó,
á rọra sọ̀ kalẹ̀, á lọ dúró dè wá nísàlẹ̀;
bí a bá padà dé, a ó bá a níbẹ̀
bí ẹni tó ti gbé omi kaná.

Mo fi bọ́tìnì sílẹ̀.
Mo gbé ìlà kẹta wálẹ̀ ní ìpele kan.
Ó bá ọwọ́ òsì jà nítorí àyè,
mo ní kí ọwọ́ òsì sún.
Níbi tó yẹ kó fò, mo ní kó gbọ̀n.
Níbi tí baàsì fẹ́ rì sínú ibú tí kò sí,
mo lu Éfù ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
kí etí fúnra rẹ̀ gbẹ́ ìyókù kàǹga náà.

Ohùn kan ṣoṣo ló kọ̀ fún mi, èyí tó kẹ́yìn.
Mo gbìyànjú rẹ̀ nísàlẹ̀: ó dún bí irọ́.
Mo dá a padà sókè.
Mo na ìka kékeré mi débẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́:
ike lu ike, *kó*, ó parí.

Ìyàwó mi ké láti yàrá,
"Ṣé ìnfátà ti kú ni?"
Mo ní rárá o,
ibi tó mọ nìyẹn.